Ìwé Kan, Ìrun Mélòó? Ìyapa àti Ìṣọ̀kan Láàrin Àwọn Mùsùlùmí Tó Di Kùránì Nìkan Mú

Ọmọ kéú ọdún méje ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní ìgboro Ìbàdàn lè ka iye rákáà ìrun ojúmọ́ kan láìwo ìwé: méjì ni Àsùbáà, mẹ́rin ni Àìlá, mẹ́rin ni Aláásárì, mẹ́ta ni Màgàríbà, mẹ́rin ni Ìṣáì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Bí ẹnì kan bá ní kí ọmọ náà fi ibi tí iye yìí wà nínú Kùránì han òun, yóò wá a títí, àlùfáà tó ń kọ́ ọ náà yóò bá a wá a, wọn kò sì ní rí i. Kùránì pa á láṣẹ léraléra pé kí onígbàgbọ́ máa kírun. Ó dárúkọ ìrun Àsùbáà àti ti Ìṣáì nínú Súrà 24, ẹsẹ 58. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìrun àárín nínú Súrà 2, ẹsẹ 238, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìpẹ̀kun ọ̀sán méjèèjì pẹ̀lú apá kan òru nínú Súrà 11, ẹsẹ 114. Ó ṣàlàyé àlùwàlá, ó sọ ibi tí a ń kọjú sí. Iye rákáà ni kò sí níbẹ̀. Inú Hàdíìsì, àti inú ìṣe àwọn tó ti ń kírun ṣáájú, ni ó ti wá.

Ibi kékeré yìí ni ó ti di ẹnu bodè fún gbogbo Mùsùlùmí tó bá sọ pé Kùránì nìkan tó òun. Kò sí ẹni tó lè kọjá láìdáhùn, nítorí ìrun kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè sún di ọdún tó ń bọ̀. Bí oòrùn bá ti yẹ̀rì, àsìkò ti tó, akírun sì gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tí òun yóò tẹ̀.

Ìlérí tí àwọn ènìyàn yìí ṣe fún àwùjọ Mùsùlùmí kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní Ànábì Muhammad kú ní ọdún 632, Bukhari tó kó Hàdíìsì tí àwọn Súnnì gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ jọ sì kú ní ọdún 870, èyí tó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àlàfo yìí ni Súnnì àti Ṣíà ti hù jáde, ibẹ̀ ni Hánáfì, Málíkì, Ṣáfíì àti Háńbálì ti hù, tí olúkúlùkù di ìtàn tirẹ̀ mú bí ẹni di okùn ẹran. Wọ́n tọ́ka sí Súrà 3, ẹsẹ 103, tó pe àwọn onígbàgbọ́ láti di okùn Ọlọ́hun mú lápapọ̀, àti sí Súrà 6, ẹsẹ 159, tó sọ pé Ànábì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àwọn tó pín ẹ̀sìn wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Àlàyé wọn rọrùn láti gbọ́: ìtàn àgbọ́sọ ló tú ilé ká, nítorí náà bí a bá kó ìtàn náà kúrò, ilé yóò di ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òde òní. Imam Shafi'i, tó kú ní ọdún 820, kọ àríyànjiyàn kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò fẹ́ gba Hàdíìsì kankan, ọ̀rọ̀ ìrun sì wà lára ohun tó fi dá a lóhùn. Ẹ̀rí wà nípa èyí pé irú wọn ti wà kí Bukhari tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n wọn kò di ẹgbẹ́ tó pẹ́. Ìlẹ̀ Punjab, nígbà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, ni ó wá fún wọn ní orúkọ, ìwé ìròyìn àti mọ́sáláṣí.

Abdullah Chakralawi ni ẹni tí ìtàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀. Ọmọ abúlé Chakrala ní ẹkùn Mianwali ni. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ibi tí ó ti wá, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀sìn tètè sú. Àárín àwọn Ahl-i Hadith ló ti jáde, àwọn tó ti kọ àṣẹ àwọn ímáámù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ tí wọ́n ní Kùránì àti Hàdíìsì ni kí gbogbo ènìyàn lọ wò fúnra rẹ̀. Chakralawi kàn gbé ìgbésẹ̀ kan sí i ni. Bí ó bá tọ̀nà láti fo orí àwọn ímáámù kí á lè dé ọ̀dọ̀ Hàdíìsì, kí ló dé tí kò fi ní tọ̀nà láti fo orí Hàdíìsì kí á lè dé ọ̀dọ̀ Kùránì? Ní nǹkan bí ọdún 1902, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní ìlú Lahore. Ọ̀gbẹ́ni Muhammad Husain Batalvi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ahl-i Hadith, gbógun tì í gidigidi, ó sì kó àwọn àlùfáà jọ láti kéde pé ó ti jáde kúrò nínú ẹ̀sìn. Ìjà ará ilé kan náà ni, ìdí nìyẹn tó fi gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni Chakralawi wá ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìrun? Kò sá fún un. Ó ní bí Kùránì bá pe ara rẹ̀ ní ìwé tó ṣàlàyé ohun gbogbo, a jẹ́ pé gbogbo ìrun, láti ìdúró dé ìjókòó, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá. Ó kọ odidi ìwé lórí rẹ̀. Ó di ìrun márùn-ún mú, ó sì ní ọ̀rọ̀ Kùránì nìkan ni ó yẹ kó jáde lẹ́nu akírun, nítorí náà àwọn gbólóhùn tí Mùsùlùmí ti ń sọ nínú ìrun láti ayébáyé ni ó yọ, tí ó sì fi ẹsẹ Kùránì rọ́pò wọn. Iṣẹ́ àṣekára ni. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìrònú rẹ̀ yóò rí i pé ó ń fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún ọsàn, títí omi tí kò sí nínú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Wàhálà sì dé láti inú ilé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti tẹ̀lé e, Muhammad Ramadan ti ìlú Gujranwala, lo ọ̀nà kan náà, ó wo ìwé kan náà, ó sì rí ìrun mẹ́ta lóòjọ́, rákáà méjì-méjì. Òun náà bá tirẹ̀ lọ, ó sì ní ọmọlẹ́yìn. Ní ìlú Amritsar, Khwaja Ahmad-ud-Din dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 1926, ó sì pè é ní Ummat-i Muslima, èyí tó túmọ̀ sí àwùjọ Mùsùlùmí. Orúkọ náà fi ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ hàn. Àwùjọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n kí ìran kan tó kọjá, àwọn tó ní Kùránì nìkan tó wọn ní Punjab ti lé ní ẹgbẹ́ méjì, wọn kì í sì í kírun pọ̀.

Ní Cairo ní àkókò kan náà, dókítà oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Muhammad Tawfiq Sidqi kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn al-Manar ti Rashid Rida ní ọdún 1906, àkọlé rẹ̀ sì sọ pé Kùránì nìkan ni Ìsìláàmù. Ọgbọ́n wà nínú bí ó ṣe wo ọ̀rọ̀ rákáà. Ó lọ sí Súrà 4, ẹsẹ 101 àti 102, níbi tí a ti ṣàlàyé ìrun àkókò ìbẹ̀rù lójú ogun. Àwọn kan yóò kírun pẹ̀lú Ànábì, àwọn tó kù yóò máa ṣọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀. Sidqi ní bí ìrun tí a gé kúrú bá jẹ́ rákáà kan fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìrun tí a kò gé kò lè dín ní méjì. Méjì ni ọ̀ranyàn, ẹni tó bá fẹ́ lè fi kún un. Rida ṣí ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fèsì, èsì náà sì wọlé bí òjò. Kí ọ̀rọ̀ tó parí, Sidqi ti dẹ̀yìn lórí púpọ̀ nínú ohun tó sọ. Méjì ti Cairo, méjì ti Gujranwala, márùn-ún ti Lahore: ìwé kan náà ni gbogbo wọn ṣí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó rọra. Àwọn tó gba Hàdíìsì pẹ̀lú kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìrun. Nínú mọ́sáláṣí ilẹ̀ Yorùbá títí di òní, ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Málíkì lè sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá dúró, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká ọwọ́ tirẹ̀ lé àyà. Ìwé Hàdíìsì tó kún yàrá kò yanjú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà tó pín àwọn Mùsùlùmí Èkó sí Jámáà àti Lèmọ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò kan Hàdíìsì rárá. Owó omi ẹ̀rọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà ló bí i, àti ìbéèrè pé ta ni Lèmọ́mù ń bá ṣe, ìlú ni tàbí gómìnà.

Èkó tí a dárúkọ yìí sì ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Kùránì nìkan, ìtàn tó ṣáájú ti Lahore. Ní ìdá mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ya ara wọn sọ́tọ̀, tí wọ́n ní àwọn kò gba Hàdíìsì, àwọn kò sì gba tàfúsíìrì tí àlùfáà ń ṣe, àfi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nìkan. Alálùkùránì ni aráàlú ń pè wọ́n, mọ́sáláṣí wọn sì wà ní Àrólóyà. Èkó nígbà náà kún fún àwọn Sàró, àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ Ìlọrin àti Hausa, olúkúlùkù pẹ̀lú àlùfáà rẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀sìn. Kò ṣòro láti rí ìdí tí àwọn kan yóò fi fẹ́ kí ẹnu gbogbo àlùfáà wọ̀nyẹn dákẹ́, kí ìwé nìkan máa sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí yòókù ni ìtakété. Wọ́n di ìjọ kékeré tó ń dá ṣe tirẹ̀ láàrin ìlú.

Ibí yìí ni Lahore àti Èkó ti pàdé, lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Nígbà tí Batalvi àti Chakralawi ń bá ara wọn jà ní ọdún 1902, ẹni kẹta kan dá sí i láti abúlé Qadian. Mirza Ghulam Ahmad ni, olùdásílẹ̀ Ahmadiyya. Ó dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ó ní Batalvi gbé Hàdíìsì ga ju ipò rẹ̀ lọ, Chakralawi sì sọ ọ́ nù pátápátá. Ní tirẹ̀, Kùránì ló ṣáájú, ìṣe Ànábì tí àwọn ènìyàn ń rí lójú tí wọ́n sì ń tẹ̀lé láti ìran dé ìran ló tẹ̀lé e, Hàdíìsì tó bá bá Kùránì mu ló sì wà ní ipò kẹta. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn èyí, ní 1916, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan tó mọ̀wé ní Èkó dara pọ̀ mọ́ Ahmadiyya nípa kíkọ lẹ́tà sí Íńdíà. Ní ọdún 1921, míṣọ́nnárì Abdur Rahim Nayyar gúnlẹ̀ sí Èkó. Kò pẹ́ tí àwọn Alálùkùránì, tí Lèmọ́mù wọn Dabiri ṣáájú, fi wọlé tọ̀ ọ́ ní agbo. Àwọn ará Ahmadiyya ròyìn pé iye wọn tó 10,000.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn túmọ̀ Kùránì wá darí sínú ẹgbẹ́ kan tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní Hàdíìsì ní ipò, tó sì tún sọ pé Ọlọ́hun ló rán òun láti tún ẹ̀sìn ṣe. Ó jọ pé wọ́n yí padà di òdìkejì ohun tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí wọn kò ní ni wọ́n lọ rà. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí yóò dá ẹjọ́ nígbà tí àwọn méjì bá ka ìwé náà lọ́nà méjì ni kò sí. Ahmadiyya ní ẹni náà. Ìṣọ̀kan tí ó mú wá kò sì tọ́jọ́, nítorí ní nǹkan bí ọdún 1940, Ahmadiyya Èkó fúnra rẹ̀ ti pín sí méjì lórí bí àṣẹ tó ń ti Qadian wá ṣe yẹ kó rinlẹ̀ tó. Apá kan nínú rẹ̀ ni a mọ̀ lónìí sí Anwar-ul-Islam.

Àríwá Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Kala Kato ni orúkọ tí àwọn Hausa fún àwọn tí kò gba Hàdíìsì, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó dá lórí èrò wọn pé ohun tí ènìyàn lásán sọ ni Hàdíìsì. Orúkọ yìí ti ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìjà Maitatsine ní Kano ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, níbi tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ti ka òkú 4,177, ló jẹ́ kí aráyé máa fi ojú kan náà wo gbogbo ẹni tó bá ní Kùránì nìkan tó òun, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Bauchi ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 sì tún fi kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbé ohun ìjà rí, tí wọ́n kàn ń kírun nínú ilé wọn bí wọ́n ṣe gbà pé ó tọ́.

Padà sí ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀nà mìíràn ni Ghulam Ahmed Parwez gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Tolu-e-Islam ní ọdún 1938, ó sì kó lọ sí Pakistan lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà pín. Ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Lahore àti Gujranwala, kò sì fẹ́ kó sínú kòtò kan náà. Ó kọ̀ kí a ka òun mọ́ Ahl-i Quran, nítorí ó ní ẹgbẹ́ mìíràn tún ni ìyẹn, Kùránì sì kórìíra ẹgbẹ́ níní. Lórí ìrun, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a yí padà, kí olúkúlùkù máa kí i bó ṣe bá a nílẹ̀, títí ìjọba kan tó dúró lórí Kùránì yóò fi wà tí yóò sì sọ ohun tí gbogbo àwùjọ yóò ṣe. Àbá náà mọ́gbọ́n wá, ó sì léwu. Ó fa iṣẹ́ Lèmọ́mù lé ìjọba lọ́wọ́, nínú orílẹ̀-èdè tí sójà ti ń gbàjọba. Ìrẹ̀lẹ̀ tó fi kírun bí àwọn yòókù kò sì gbà á. Ní ọdún 1962, àwọn àlùfáà tí wọ́n tó 1,000 fọwọ́ sí ìwé pé kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́.

Ẹni tó lọ jìnnà jù ni Rashad Khalifa, ọmọ Íjíbítì tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́míkà ara, tó sì fi ìlú Tucson ní Arizona, Amẹ́ríkà, ṣe ibùgbé. Ó ní kọ̀ǹpútà fi han òun pé nọ́ńbà 19 ni a fi hun Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun náà kọ Hàdíìsì pátápátá, síbẹ̀ ìrun márùn-ún ló ń kí, 17 sì ni rákáà rẹ̀. Ó to iye rákáà náà tẹ̀léra, 2, 4, 4, 3, 4, ó kà á bí nọ́ńbà kan ṣoṣo, 24434, ó sì fi 19 pín in. Ó pín gérégé, 1286 ni ìdáhùn. Fún un, Ọlọ́hun ló fi èdìdì lé ìrun tí ọmọ kéú mọ̀ lórí. Ọ̀nà àrà ni láti gba ohun tí Hàdíìsì sọ láìgba Hàdíìsì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ 128 àti 129 nínú Súrà 9 kò bá ìṣirò rẹ̀ mu, ó sì ní kì í ṣe ara Kùránì, ó yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ó kéde pé ìránṣẹ́ Ọlọ́hun ni òun, ẹni tí Kùránì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò wá.

Ní ọdún 1988, àlejò kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Tucson. Ahmed Subhy Mansour ni, ọ̀mọ̀wé tí yunifásítì al-Azhar ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èrò rẹ̀ lórí Hàdíìsì, tí ìjọba Íjíbítì sì ti jù sẹ́wọ̀n ní ọdún 1987. Bí ìlérí ìṣọ̀kan bá lè ṣẹ níbikíbi, ibẹ̀ ni ì bá ti ṣẹ. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, èdè Lárúbáwá ni wọ́n jọ ń sọ, àwọn méjèèjì ni àwọn àlùfáà ń pè ní kèfèrí, àwọn méjèèjì sì ń kírun márùn-ún. Mansour ní tirẹ̀ kò nílò nọ́ńbà. Ó gbà pé ìrun ti wà láti ìgbà Ànábì Ibrahim, pé àwọn ènìyàn fi ṣe ìṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́, Kùránì kò sì ní ìdí láti tún máa ka rákáà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kí. Ọ̀rọ̀ ìrun kò dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. Mansour kò gbà pé Ọlọ́hun rán ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Muhammad, wọ́n yapa, ó sì padà sí Íjíbítì tó ti jù ú sẹ́wọ̀n.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 1990, wọ́n bá òkú Rashad Khalifa nínú mọ́sáláṣí rẹ̀ ní Tucson, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un pa. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ fún ẹni tó pa á. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń kírun níbẹ̀ ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́. Edip Yuksel, ọmọ Tọ́kì tó ti wá bá a ṣiṣẹ́ ní Tucson, tí nọ́ńbà 19 sì ṣì dá a lójú, gbé ìtumọ̀ Kùránì tirẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ méjì ní ọdún 2007. Ìrun mẹ́ta ni òun rí nínú rẹ̀.